Ààrò Ọdún 1970

Ìrètíolúwa ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìlú wa lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, Ìrètí Aláàpù ni wọ́n ń pè é. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, ògiri kan ṣoṣo ló sì pààlà yàrá mi àti tirẹ̀. Mo ti gbọ́ ìjà òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ ju ìjà tọkọtaya èyíkéyìí ládùúgbò wa lọ. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ni yóò máa bi í. "Ṣebí àná ò ń ṣiṣẹ́?" Kọ̀ǹpútà kì í dáhùn, kì í sì í jáde kúrò nílé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ áàpù sínú fóònù. Kútọnu ló ti kọ́ ọ, ó padà wálé nígbà tí ariwo ibẹ̀ sú u. Oríṣi fóònù méjì ló pọ̀ láàárín wa: Àńdíróìdì tí gbogbo èèyàn ń lò, àti áífóònù tí àwọn tó ní ọmọ lókè òkun ń lò. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí áàpù rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kọ ọ́. Irinṣẹ́ kan ti dé báyìí tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń kọ ọ́, yóò sì wọ inú méjèèjì. Ìrètí fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí bí ẹyinjú rẹ̀. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ọmọ tó ń gbé ilé méjì lè jẹ́ ọmọlúwàbí ní ọ̀kan, kó sì di ìpáǹle ní èkejì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Bàbá Jẹ́láàní, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Àgbẹ̀ ni ní Bánígbé, mùsùlùmí tí ìrun kì í fò, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló máa ń mú ọmọ náà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, tí yóò jókòó síta títí wọn yóò fi kọ orin ìkẹyìn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Ìrètí fi ṣe gbogbo ohun tó ṣe nínú ìtàn yìí, kó má wá a lọ sọ́nà jíjìn.

Bàbá Jẹ́láàní àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ààrò. Gbogbo wọn yóò kó ọkọ́ lọ sí oko ẹnìkan lónìí, wọn yóò ro ó tán, lọ́jọ́ mìíràn wọn yóò lọ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìgbàgbé níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n bá ro oko rẹ̀, tí kò wá ro ti ẹlòmíràn, kò ní rójú rìn lọ́jà mọ́. Àríyànjiyàn lórí ta ló kàn ló wá pọ̀ jù, ni Ìbráhímù, olórí ẹgbẹ́, bá bẹ Ìrètí pé kí ó kọ áàpù kan fún àwọn. Ó kọ ọ́. Bí o bá ṣí i, tìrẹ nìkan ni yóò fi hàn ọ́: ọjọ́ tí ẹgbẹ́ ń bọ̀ lóko rẹ. Bí ọjọ́ náà bá sì ti kọjá, yóò sọ pé wọ́n ti ṣe é, ó kù kí ìwọ náà dá a padà.

Kò kọ́kọ́ rọrùn. Sìdíkátù, opó kan tó ní oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Tchaada, kì í pa oko ẹnikẹ́ni jẹ, síbẹ̀ áàpù ń pè é ní ọ̀lẹ. Ìrètí yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó rí i pé ìyá náà ti sọ lẹ́tà di gàdàgbà nítorí ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa, lẹ́tà ńlá wá ti bọ́tìnì "Mo ti dé oko" lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ìka kò lè dé. Fóònù ẹlòmíràn ń pa áàpù lẹ́nu mọ́ kí bátìrì má bàa tán, kò sì gbọ́ ìpè títí ẹgbẹ́ fi dé oko rẹ̀ tí wọ́n bá a tó ń sùn. Ìrètí tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Lórí fóònù tirẹ̀, nǹkan ń lọ geere. Àwọn tó ń kọ áàpù ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú, mo ti gbọ́ ọ gba inú ògiri títí ó fi sú mi: "Lórí tèmi, ó ń ṣiṣẹ́."

Bàbá Jẹ́láàní nìkan ló ní áífóònù nínú ẹgbẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Gábọ́ọ̀nù ló fi ránṣẹ́ sí i. Lọ́dún yìí, ó ti bá gbogbo èèyàn ro oko tiwọn kí àìsàn tó dá a gúnlẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nínú ikùn, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ́ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi lọ. Àgbàdo rẹ̀ wà lóko, koríko sì ti ń bá a dọ́gba. Àgbàdo yẹn ni ilé rẹ̀ yóò jẹ. Ràfátù, ìyàwó rẹ̀, ń dá a ro díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ro iwájú ni ẹ̀yìn ń hù. Gbígba alágbàṣe kò tilẹ̀ ṣeé dá lábàá, nítorí ẹni tó wà nínú ààrò tó lọ gba alágbàṣe ti yọ ara rẹ̀ lẹ́gbẹ́ nìyẹn. Ẹgbẹ́ ni ìrètí rẹ̀, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ló sì kan oko rẹ̀. Bí Ọjọ́bọ̀ náà bá fò ó, oko mìíràn ni wọn yóò mú, kí ó tó tún kàn án, koríko yóò ti gbé àgbàdo mì.

Anicet, ọ̀rẹ́ Ìrètí tó ń gbé ní ìlú Àjàṣẹ́, ló bá bàbá fi áàpù sínú fóònù lọ́jọ́ tó kúrò ní ọsibítù ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó dán an wò. Bàbá délé, ó sinmi, ó ṣí i láti wo ọjọ́ rẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ nìyí: "Wọ́n ti ṣe ààrò ní oko yín ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970. Ẹ kò tíì dá a padà."

Bó bá jẹ́ èmi ni, n ó pa fóònù náà, n ó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n olóòótọ́ ni Bàbá Jẹ́láàní, olóòótọ́ ló sì máa ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ wàhálà. Ó gbé fóònù, ó di ikùn rẹ̀ mú, ó mú un lọ bá Ìbráhímù.

Ìbráhímù pe ẹgbẹ́ jọ. Èmi náà lọ, nítorí Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, n kò sì níṣẹ́ tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹnìkan ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n pa á, wọ́n tàn án, 1970 ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ló ń fà á, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ibodè. Wọ́n kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ibodè.

"Ọdún 1970?" ni Bàbá Jẹ́láàní ń wí. "Mais, ọmọdé tí kò tíì wọ ṣòkòtò ni mí nígbà náà! Oko wo ni mo ní?"

"Fóònù ò sọ pé ẹ̀yin ni," ni Ìbráhímù dáhùn. "Oko ló sọ. Bon, ta ló ni oko yẹn nígbà náà?"

"Bàbá mi ni."

"Voilà, ibẹ̀ gan-an nìyẹn."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Ìgbà náà ni Bàbá Ọ̀ṣuntóyè, tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, wúkọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn. Ikọ́ ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan ni.

"Mo rántí," ló wí. "Dàhòmì ni orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́ nígbà yẹn. A lọ sí oko bàbá tó bí Jẹ́láàní. Èmi ni mo wà níwájú. A ro ó tán, òjò ńlá kan sì pa wá bọ̀ wálé. Kò wá sí oko tèmi títí ó fi kú."

Òjò ńlá, lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní, nínú ọyẹ́! Mo wo ojú àwọn èèyàn bóyá ẹnìkan yóò bi í léèrè. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan láti Làgbé náà rántí pé bàbá òun sọ nǹkan tó jọ ọ́. Òmíràn rántí oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà, ó tilẹ̀ ní iyọ̀ kò tó, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ kò tíì bí i nígbà yẹn. Ìrántí ń ràn láàárín wọn bí ìgbóná. Fóònù ti sọ ọ́, ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n ní orí òun kò pé tó fóònù?

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìrètí. Ó wo fóònù lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe mi ni," ló wí. "Bí mo ṣe to ọjọ́ àti aago pọ̀, Àńdíróìdì gbọ́ ọ yé, áífóònù kò gbọ́ ọ yé. Dípò kó sọ pé òun ò mọ̀, òdo ló mú. Ọjọ́ kìíní ọdún 1970 sì ni òdo lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́."

"Ta ló ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀?" ni Bàbá Ọ̀ṣuntóyè bi í.

"Wọ́n kàn yàn án ni, Bàbá."

"Wọ́n kàn yàn án! Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, ọjọ́ tí a ro oko bàbá tó bí Jẹ́láàní gan-an ni wọ́n wá yàn. O rò pé lásán ni?"

Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti ọjọ́ yìí wá, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fi ìka ka ọdún.

Láti tún nǹkan ṣe, àfi kí fóònù náà dé Àjàṣẹ́. Irú fóònù yẹn kì í gba áàpù lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà mẹ̀kúnnù bíi ti Ìrètí. Kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà ṣe nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀, Anicet, tó ń to fídíò ìgbéyàwó fún àwọn èèyàn, ló sì ní irú rẹ̀. Ìbráhímù gbà pé kí fóònù lọ. "Mais fóònù yìí ti di ẹlẹ́rìí," ló wí. "Ẹlẹ́rìí kì í dá tẹ̀ lé ọmọ ẹni tí ẹjọ́ kàn. Bàbá Ọ̀ṣuntóyè á bá wọn lọ."

Báyìí ni àwọn mẹ́ta ṣe há sórí alùpùpù kan: ọlọ́kadà níwájú, bàbá arúgbó láàárín, Ìrètí lẹ́yìn. Bàbá fi aṣọ ìnujú wé fóònù, ó tì í bọ àyà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú débi pé Ìrètí ló ń di bàbá fúnra rẹ̀ mú kó má bàa já bọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Anicet, kọ̀ǹpútà ní òun kò ní ṣe iṣẹ́ kankan àfi kí òun kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe ara òun. Wọ́n jókòó. Iná lọ, iná dé, àtúnṣe tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣuntóyè jẹun, ó sùn, ó jí, ó bi Anicet pé kí ni nǹkan yẹn ń ṣe láti àárọ̀.

"Ó ń sọ ara rẹ̀ di tuntun ni, Bàbá."

"Háà! Èmi náà ì bá fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó yá, Ìrètí tún ibi tó ti ṣì ṣe, wọ́n fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, áàpù tuntun wọlé. Ó ṣí i. "Ẹgbẹ́ ń bọ̀ ní oko yín ní Ọjọ́bọ̀." Ìrètí fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ bàbá arúgbó. Bàbá kò fò. Wáyà ló ń wò.

"Ojú mi ló ṣe," ló wí. "Ẹ fún un ní nǹkan mu gba inú okùn yẹn, ó wá yí ọ̀rọ̀ padà."

Ohun tó wí lọ́dọ̀ Anicet ló tún wí nílé, ẹgbẹ́ sì gbà á gbọ́. Ìbráhímù dájọ́ pé ẹlẹ́rìí tó bá sọ tibí nílé, tó wá sọ tọ̀hún lẹ́yìn tó dé ìlú ńlá, èyí tó kọ́kọ́ sọ ni àwọn yóò gbà. Iṣẹ́ tí Bàbá Jẹ́láàní bá àwọn ṣe lọ́dún yìí, àwọn rí i, àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ̀ ló ṣáájú. Àfi kí ẹnìkan ro oko Bàbá Ọ̀ṣuntóyè kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò fo oko Bàbá Jẹ́láàní. Wọ́n ní kí ó ro oko, dókítà ní kò gbọdọ̀ roko. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. N kò rí irú rẹ̀ rí, kí àgbàlagbà jókòó kí wọ́n máa rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀! Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbọ́ ẹkún Ìrètí gba inú ògiri. Ó yá, ẹkún dá.

"Mẹ́tìrì," ló pè mí láti ọ̀hún, bí a ṣe ń pe olùkọ́ lọ́dọ̀ wa, "ṣé ọmọ lè dá ààrò padà fún bàbá rẹ̀?"

"Ó lè ṣe é. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ọmọ ọmọ ńkọ́? Bàbá ìyá mi ṣáà ni."

"Ìrètí, ìwọ tí o kò mọ orí ọkọ́ yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀?"

"Ẹ bá mi wá ọkọ́ kan, Mẹ́tìrì."

Ó lọ. Ràfátù fi bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú hàn án, ó fẹ́ bá a ro ó, ẹgbẹ́ ní rárá, pé ẹ̀jẹ̀ onígbèsè nìkan ni kó ṣe é. Oko ẹ̀gẹ́ ni oko Bàbá Ọ̀ṣuntóyè, ó sì ti pẹ́ tí ọkọ́ ti wọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ọwọ́ tó ń tẹ bọ́tìnì láti ọjọ́ yìí wá bó, ó tún lé ròrò, omi tú jáde nínú rẹ̀. Ó fi aṣọ wé e, ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ará Bánígbé ń dúró lójú ọ̀nà wò ó. Àwọn kan ń pè é ní ọmọ gidi. Àwọn kan ń bi í bóyá òun náà lè wo fóònù àwọn, bóyá ẹnìkan jẹ bàbá àwọn ní ààrò.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tó ku bí ebè díẹ̀, Bàbá Ọ̀ṣuntóyè bu omi wá fún un. Ó jókòó sórí kùkùté, ó wo oko rẹ̀ yí ká tayọ̀tayọ̀, ó wá wo ọwọ́ ọmọ náà. Mo rò pé ọwọ́ yẹn ló tú ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìrètí, ṣé o mọ̀ pé mi ò sí nílé lọ́dún yẹn? Àbíjáǹ ni mo wà. Sìmẹ́ǹtì ni mò ń rù ní èbúté."

Ìrètí fi igbá omi sílẹ̀. "Bàbá, kí lẹ wá ń jẹ́rìí sí?"

"Fóònù ti sọ ọ́, gbogbo ojú sì wà lára mi. Àgbà wo ni yóò sọ pé òun ò rántí?" Ó nawọ́ sí oko. "Oko mi sì ti kún, ọmọ mi. Kò sí ẹni tí yóò bá mi ro ó."

Ìrètí sọ fún mi pé òun gbé ọkọ́ sókè, pé òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Bó bá ké ní àkókò yẹn, Bánígbé yóò dàrú, wọn yóò jókòó ẹjọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ yóò sì kọjá lọ. Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀ sínú ebè tó kù, ó ń ro ó lọ. Nígbà tó parí, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá fún omi.

Ní Ọjọ́bọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ dé oko Bàbá Jẹ́láàní kí oòrùn tó mú. Èmi náà gba àyè níléèwé, mo dé ibẹ̀. Bàbá Ọ̀ṣuntóyè wà níwájú, ó ń ro ó bí ọ̀dọ́mọkùnrin, kò sì jẹ́ kí ojú òun àti ti Ìrètí pàdé. Àgbàdo ń yọ orí láàárín koríko, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì ń mọ́lẹ̀. Bàbá Jẹ́láàní jókòó sórí àpótí létí oko, ó ń fi omijé wo iṣẹ́ tí ń lọ. Nígbà tí wọ́n ro ó dé ìdajì, ó pe Ìrètí mọ́ra.

"Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, mi ò sùn," ló wí. "Olóògbé tó lọ pẹ̀lú gbèsè èèyàn lọ́rùn, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sinmi. Mò ń tọrọ ìdáríjì fún bàbá mi nínú gbogbo ìrun tí mò ń kí. Sọ fún mi, ìwọ tí o wà níbẹ̀. Ṣé ó ti tán? Ṣé kò kù síbì kankan?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Ìrètí: bàbá yín kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, èmi ni mo kọ áàpù tí kò dára, Bàbá Ọ̀ṣuntóyè sì parọ́. Ó wo àwọn tó ń roko. Ìdajì oko ni wọn kò tíì dé.

"Ó ti tán, Bàbá," ló wí.

Bàbá Jẹ́láàní gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó yí wọn padà, ó ń wo ibi tó bó. "Alihamudulilahi," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ké sí gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá wo ọwọ́ ọmọ òun.

Ìrètí ti ń kọ áàpù láti ìgbà tó ti kúrò ní Kútọnu, ó ti ṣe èyí tí ọsibítù ń lò, ó ti ṣe èyí tí àwọn oníṣòwò ibodè ń lò. Kò sí èyí tí bàbá náà lóye nínú wọn, kò sì sọ ohunkóhun sí wọn rí. Lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo èèyàn, ó sọ fún un pé, "Iṣẹ́ rẹ dára, ọmọ mi." Ìrètí fi ojú pamọ́ sí èjìká rẹ̀, ó sunkún kíkorò, àwọn èèyàn sì rò pé ayọ̀ ni.